Kàfárà Ọjọ́ Mẹ́ta

Ẹni tó bá tún wá sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni, màá lé e jáde. Mo ti lé ẹni méjì. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọsàn wá, mo ní kó gbé ọsàn rẹ̀ dání kó máa lọ. Èmi Ishaq, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, mo mọ ohun tí Ọlọ́run mú wá, mo sì mọ èyí tí mo fi ẹnu ara mi fà. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín. Tí mo bá rò ó tán, kí ẹ wá sọ tẹnu yín.

Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwòrò níhìn-ín, ọ̀sà ní apá kan, òkun ní apá kejì, tí àwọn ṣọ́jà ti ń rọ ọta ìbọn láyé ìjọ́un. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n fi yí i ká, ìdí nìyẹn tí àwa fi ń pè é ní Inú Wáyà. Bàbá mi ń ta aṣọ ní Àgbádárìgì, ó fẹ́ kí n máa bá òun tà á, àmọ́ mo lọ gbaṣẹ́ ní Inú Wáyà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń to ọta sínú páálí. Iṣẹ́ náà dára, wọ́n ń fún wa ní ìrẹsì nígbà ọdún, àwọn ọmọge sì ń wò wá bí a bá ń jáde. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo fẹ́ Mùínàt.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ibẹ̀ pa, ẹrù kan kù nílé ẹrù. Àdó olóró kéékèèké ni, àwọn tí kò dára, tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ìgbà tí wọ́n máa bú. Ìwé sọ pé kí wọ́n gbé e lọ sójú agbami, kí wọ́n jù ú síbẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà tó ń mójú tó wa ò rí ọkọ̀, tàbí kó jẹ́ pé kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá a. Ó pe àwa mẹ́ta, èmi, Dosu àti Adéwọlé, ó ní kí a gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọ̀sán gangan la rì í mọ́lẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé òkun ló lọ, ó gbé Bíbélì fún àwọn méjì yẹn, ó gbé Kùránì fún mi, ó ní kí a búra pé a ò ní sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan títí ilẹ̀ a fi bo àwa náà. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo búra.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé Kùránì ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kí n má sì purọ́, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa fi yìn mí. Gbogbo Ìwòrò ló mọ̀ pé Ishaq kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mùínàt ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Á ní, "Bàbá Fàthíà, tí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ ti jẹun, ẹ máa ní kí wọ́n lọ pe lọ́yà wá ná." Fàthíà ni ọmọ wa kan ṣoṣo, olùkọ́ ni, Ìjànikin ló ń gbé.

Adéwọlé kú tipẹ́. Dosu kú léèsí. Mo lọ wò ó nígbà tí àìsàn náà ti wọ̀ ọ́ lára, ó di ọwọ́ mi mú. "Nọvi ṣie," ó wí, bó ṣe máa ń pè mí lédè Ègùn nìyẹn, ọmọ ìyá mi. "Ìwọ nìkan ló kù o." Mo mọ ohun tó ń wí. Mo ní kó sinmi.

Igbó ti bo Inú Wáyà nígbà náà, ọdún mẹ́rìndínlógójì kì í ṣe eré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ìjọba ti dá a padà fún àwọn ará ìlú. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọládàpọ̀ dé pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń dáàbò bo ìjàpá òkun tó máa ń gòkè wá yé sórí yanrìn wa. Ọmọ dáadáa ni, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo èèyàn títí tó fi sú wa. Ó ní ilé tí wọ́n ti ń rọ ọta yóò di ibi tí àwọn ọmọ á ti máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó ní a ó tọ́jú ẹyin ìjàpá òkun níbẹ̀. Ó ní etí ọ̀sà tí a ti gé igi rẹ̀ dáná tán, a ó tún gbin igi ẹ̀gbà síbẹ̀, èyí tó máa ń na gbòǹgbò bí ẹsẹ̀ alákàn, kí ẹja lè tún rí ibi yé sí. Inú ìlú dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn?

Àwọn ṣọ́jà kọ́kọ́ wá yẹ ilẹ̀ wò. Wọ́n mú ẹ̀rọ kan wá, ó máa ń dún tó bá ti mọ irin lára. Ohun tí ìwé sọ ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n yẹ ilé ẹrù wò, wọ́n yẹ pápá tí wọ́n ti ń dán ọta wò, wọ́n kó garawa irin mẹ́ta, wọ́n fọwọ́ síwèé pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọn ò dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Kí ni wọ́n fẹ́ wá débẹ̀? Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, mo ń wò wọ́n, mo fi ọwọ́ méjèèjì di wáyà mú, mo dákẹ́.

Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe kan ilé mi. Mùínàt ti fi ọjà sílẹ̀ nítorí orúnkún, bó ṣe gbọ́ pé àwọn obìnrin ló máa gbin igi, kò mà rántí orúnkún mọ́. Wọ́n fi í ṣe olórí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ Inú Wáyà, ó bọ̀ wálé bí ọmọdé tó lọ síbi ọdún. "Bàbá Fàthíà, gbogbo ọdún tí mo fi ń kọjá níta ibẹ̀, mi ò mọ̀ pé mángòrò wà nínú ẹ̀! Mángòrò ńlá! Ẹ ò sọ fún mi rí." Mo ní mo ti gbàgbé. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mángòrò yẹn wà.

Oorun ò kùn mí mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo lọ bá Àfáà Mukhtar ní mọ́ṣáláṣí. Ọmọkùnrin ni, mo tó bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n ó mọ ìwé.

"Àfáà," mo wí, "bí èèyàn bá fi Kùránì búra pé òun ò ní sọ nǹkan, tó wá rí i pé sísọ ẹ̀ sàn ju àìsọ lọ, kí ló máa ṣe?"

"Kí ó sọ ọ́, Bàbá, kí ó sì ṣe kàfárà ìbúra rẹ̀. Kí ó bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kí ó wọ̀ wọ́n láṣọ. Tí agbára rẹ̀ ò bá gbé e, kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

"Èwo ló ń ṣáájú? Sísọ ni, àbí kàfárà?"

"Èyí tí ẹ bá fi ṣáájú, ó wọlé." Ó wò mí. "Bàbá, ṣé ọ̀rọ̀ yìí le? Ṣé nǹkan lè ṣe ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fi falẹ̀?"

"Rárá o," mo wí. "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà níbẹ̀. Kí ni ọjọ́ mẹ́ta máa ṣe?"

Ẹnu mi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì tán o. Ó bi mí bóyá mo lágbára láti bọ́ èèyàn mẹ́wàá, mo ní mi ò ní. Irọ́ funfun báláú, nínú ilé Ọlọ́run. Àpò ìrẹsì wà nílé mi tí a ò tíì tú. Ohun tí mo rò ni pé tí mo bá ní kí Mùínàt se oúnjẹ èèyàn mẹ́wàá, á bi mí pé kí ló dé. Ààwẹ̀ ni èèyàn lè dá gbà láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ìbúra náà kúrò lọ́rùn mi pátápátá kí n tó la ẹnu, kí n sọ ọ́ bí olóòótọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé Ishaq yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ ò rí agbéraga?

Mi ò kúkú ṣe é láìbìkítà. Mo bi Mùínàt lálẹ́ ọjọ́ Àìkú náà pé ibo ni wọ́n máa gbẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní etí omi ni, etí omi ni títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ọkàn mi balẹ̀. Ilé ìdáná jìnnà sí etí omi dáadáa.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé ẹ̀kọ wá, mo ní mo gbààwẹ̀. Kò jẹ́ nǹkan, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó gbọ́ tí mo ń wá omi mu nínú òkùnkùn. Ó tan iná.

"Ti Ajé, mo gbà," ó wí. "Ti Ìṣẹ́gun ńkọ́? Sunnah wo nìyẹn? Ta lẹ ṣẹ̀, Bàbá Fàthíà?"

"Ta ni mo fẹ́ ṣẹ̀?"

"Ó dáa. Ẹ jókòó ná. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í fi omi nìkan ṣe sààrì." Ó dáná, ó sì din ẹyin fún mi. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀, ó ń sọ fún mi nípa àwọn ọmọ igi tí wọ́n kó sínú ọ̀rá, pé wọ́n ti yọ ewé méjì-méjì. Ó ní òun fẹ́ pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ tí òun á fi rí ẹja nídìí wọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nígbà náà. Ó dé ẹnu mi. Mo ní ó ku ọjọ́ kan àti ààbọ̀, Ishaq, mú sùúrù. Sùúrù! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀tá mi ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó ti rẹ ẹ̀wà sómi kó tó múra. Ó ní mọ́ín-mọ́ín ni mo máa fi ṣínu. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń so gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ ọ́ fún mi jàre. Ṣé obìnrin ni? Tó bá jẹ́ obìnrin ni, ẹ jẹ́ kí n mọ iye ẹ̀wà tí màá lọ̀."

Ebi ń pa mí, oorun ń kùn mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, inú bá bí mi. Mo ní, "Mùínàt, ẹnu rẹ ti pọ̀ jù. Ṣé gbogbo ohun tó bá wà nínú ọkùnrin ni wàá tú síta ni? Máa lọ síbi tó o ń lọ!"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú." Ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀, ó lọ. Ọdún méjìlélógójì la fi jẹ́ tọkọtaya, ọ̀rọ̀ tí mo fi sìn ín sọ́nà nìyẹn.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́nu. Tí mo bá ti ṣínu, màá kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, màá wá sọ fún un, àwa méjèèjì á jọ lọ bá Ọládàpọ̀. Mo tiẹ̀ ti mọ bó ṣe máa pariwo mọ́ mi. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún. Àwọn tó wà ládùúgbò ń bi ara wọn bóyá táyà ọkọ̀ ló bẹ́. Èmi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo ti wà lójú ọ̀nà láìwọ bàtà, mo ń na ọwọ́ sí ọ̀kadà, mo ń sọ fún ọlọ́kadà pé Inú Wáyà, Inú Wáyà, ó ń bi mí pé Bàbá kí ló ṣẹlẹ̀, mo ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n ti fi ìró bò ó nígbà tí mo dé. Ṣìkẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbin igi, jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní etí rẹ̀, ó ń pariwo "Jiwheyẹwhe! Jiwheyẹwhe!" bí àwọn Ègùn ṣe ń pe Ọlọ́run. Mo fẹ́ ṣí ìró náà. Wọ́n dì mí mú. Mo bá ẹnì kan jà, mi ò mọ ẹni náà títí dòní. Orí mi yí, mo ṣubú, wọ́n sì da omi sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. Oòrùn ṣì wà lókè. Ààwẹ̀ ọjọ́ kẹta náà ò pé.

Ṣìkẹ́mi ló wá sọ bó ṣe jẹ́ fún mi lẹ́yìn tí a sin ín. Ó ní ọ̀sà kún lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ó ń gbé ọmọ igi wọn lọ, ni wọ́n bá kó wọn sókè. Oòrùn mú. Mùínàt ní òun mọ ibi tí ibòji wà, lábẹ́ mángòrò lẹ́yìn ilé ìdáná, kí àwọn ri òpó mẹ́rin, kí àwọn fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó fún àwọn ọmọ igi. Wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́ta, kò sí nǹkan. Ó rẹ wọ́n. Àwọn yòókù ní kí wọ́n lọ mumi ná, kí wọ́n padà wá gbẹ́ ìkẹrin.

"Ó ní kí a máa lọ," Ṣìkẹ́mi wí. "Ó ní òun máa yára gbẹ́ ẹ, torí pé ẹ ń gbààwẹ̀, òun fẹ́ tètè wálé wá lọ ẹ̀wà."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá àwọn ṣọ́jà tó padà wá, mo sì fi ìka tọ́ka ibi tí ìyókù wà fún wọn. Àpótí mẹ́rin ni wọ́n hú jáde. Ọládàpọ̀ ti ń lu orí ara rẹ̀ mọ́ ògiri láti àná, ó ń sọ pé òun lòun gba ìwé àwọn ṣọ́jà gbọ́ pé ilẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Èmi ni mo rì í síbẹ̀." Mo sọ ti Kùránì fún wọn, ti ọ̀gá ṣọ́jà, ti Dosu àti Adéwọlé. Mo retí kí wọ́n sọ mí lókùúta. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n káàánú mi. Wọ́n ní ìbúra ni, kí ni ọkùnrin olóòótọ́ ì bá ṣe? Níbi àdúrà fìdáù, àwọn àgbàlagbà ń fọwọ́ gbá mi léjìká. Ọ̀kan ní irú mi ti tán láyé. Fàthíà ọmọ mi fúnra rẹ̀ dúró láàárín àwọn obìnrin, ojú rẹ̀ wú, ó ń sọ pé, "Wọ́n mú bàbá mi búra ni o. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú bàbá mi."

Mo dákẹ́. Mo tún dákẹ́! Àfáà Mukhtar nìkan ló mọ̀ nípa ọjọ́ mẹ́ta náà, kò sì wò mí lójú látìgbà náà.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, wọ́n ṣí Inú Wáyà padà. Àwọn obìnrin gbin igi ẹ̀gbà yẹn sétí omi, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, Ọládàpọ̀ sì kọ orúkọ Mùínàt sára pákó kan níbẹ̀. Àwọn ọmọdé wọ ilé tí mo ti ń to ọta, wọ́n ń sáré káàkiri. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo ní ara mi ò yá. Fàthíà mú mi bọ̀ wálé, ó ń di mí lápá mú bí ẹyin. Ìfẹ́ tó fi di mí mú yẹn ni mi ò lè fara dà. Mo jókòó, mo sọ fún un. Mo sọ ti ọjọ́ Àìkú, ti Àfáà, ti ọjọ́ mẹ́ta. Mo sọ ohun tí mo wí fún ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Kò ké. Ó fi apá mi sílẹ̀.

"Ẹ ti pinnu láti sọ ọ́," ó wí. "Láti ọjọ́ Àìkú."

"Mo ti pinnu."

"Ìrẹsì sì wà nílé."

"Ó wà."

"Kí ló dé tí ẹ ò ní kí Màmá se é?"

"Mo rò pé ó máa bi mí ni, Fàthíà. Ó máa bi mí pé kí ló dé."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "Màmá mi? Lórí oúnjẹ èèyàn mẹ́wàá? Á ti dáná kí ẹ tó dákẹ́, Bàbá mi. Ọjọ́ Àìkú yẹn náà ni gbogbo ẹ̀ ì bá ti parí." Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ sí Ìjànikin, kò tíì padà wá.

Mo jókòó síbi tó fi mí sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọdún méjìlélógójì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń wá ìgbà kan, ẹyọ kan péré, tí mo ní kí Mùínàt fún ẹlòmíì lóúnjẹ tó sì bi mí pé kí ló dé. Mo ṣì ń wá a.